Ọkọ̀ Tí Etí Rí: Àyẹ̀wò Orin "Ship Ahoy" ti Ẹgbẹ́ Akọrin O'Jays

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a bá dárúkọ ẹgbẹ́ akọrin O'Jays létí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn orin sóòlù ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, orin mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Èkíní ni "Back Stabbers" ti ọdún 1972. Èkejì ni "Love Train", tí ó gba ipò kìíní láàárín gbogbo orin tí ń tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973. Ẹ̀kẹta sì ni "For the Love of Money", tí ó gbòde kan ní ọdún 1974. Àwọn orin wọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ rédíò fẹ́ràn láti máa lò, àwọn ni a sì máa ń kó sínú àwo àkójọpọ̀ nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà han ọmọ tí kò bá ìgbà wọn. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ni orúkọ odidi àwo kan, tí àwòrán ohun tí ó ń sọ sì gba gbogbo iwájú páálí àwo náà, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àwo náà nílé kì í ní sùúrù láti gbọ́ ọ parí. Orin náà ni "Ship Ahoy". Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní gígùn, ọkọ̀ tí ń kó ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà ni ó sì dá lé lórí.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé orin tí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn yìí ni ó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ O'Jays, àti pé kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ni ìjìnlẹ̀ rẹ̀ wà bí kò ṣe nínú ohùn. Ẹni tí ó bá wá ìtàn nínú rẹ̀ kò ní rí púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò bá ara rẹ̀ níbi tí kò rò pé òun lè dé.

Àwọn Akọrin àti Iṣẹ́ Wọn

Ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, nígbà tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Márùn-ún ni wọ́n nígbà náà: Eddie Levert, Walter Williams, William Powell, Bobby Massey àti Bill Isles. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní, ara orúkọ Eddie O'Jay ni wọ́n ti yọ ọ́, ọkùnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ní ìlú Cleveland tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n jẹ ní àwọn ọdún náà kò pọ̀. Isles fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Massey náà sì tún lọ, tí ó fi jẹ́ pé mẹ́ta péré ni ó kù nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Kenneth Gamble àti Leon Huff ní Philadelphia ní ọdún 1972.

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Philadelphia International Records sílẹ̀ ní ọdún 1971. Wọ́n ní àwọn onílù, onígìtá, afunfèrè àti àwọn tí ń ta fàyólìn tí wọ́n ń pè ní MFSB, ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sigma Sound sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ohùn tí ó ń jáde níbẹ̀ dán bí ìgbà tí a bá fi òróró pa awọ: fàyólìn púpọ̀ lókè, fèrè ní àárín, ìlù tí kò ṣìnà nísàlẹ̀. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ yẹ fún ijó àti fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ènìyàn kì bá tí retí pé inú ohùn dídán yìí ni a ó ti gbọ́ ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ìparí ọdún 1973 ni àwo *Ship Ahoy* jáde. Ó gba ipò kìíní láàárín àwọn àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú, nítorí náà a kò lè sọ pé àwo náà kò tà. Orin tí ó fún un lórúkọ ni àwọn ènìyàn gbójú fò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò bá ètò orí rédíò mu. A kò lè fi orin ọkọ̀ ẹrú ṣe àríyá. Àwọn tí ń ta àwo sì mọ̀ pé "Put Your Hands Together" àti "For the Love of Money" ni yóò mú owó wọlé. Nígbà tí ìwé *Roots* ti Alex Haley jáde ní ọdún 1976, tí wọ́n sì fi í hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní oṣù kìíní ọdún 1977, gbogbo Amẹ́ríkà ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ẹrú. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí ti wọ inú ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì ti kọrin rẹ̀.

Òkun Ṣáájú Ọ̀rọ̀

Ó yẹ kí a kíyè sí ibi tí wọ́n gbé orin náà sí nínú àwo. Orin tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ojú kìíní ni "Put Your Hands Together". Orin ayọ̀ ni, orin àpàtẹ́wọ́ bí ti ilé ìjọsìn, tí ń rọ gbogbo ènìyàn láti pawọ́ pọ̀ kí wọ́n sì gbàdúrà fún ọjọ́ tí yóò sàn ju tòní lọ. Bí ó ti ń parí, tí ara olùgbọ́ ti yá gágá, ni afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Ìgbì ń lu ara ọkọ̀. Pákó ọkọ̀ ń ké bí ẹni pé ó fẹ́ ya. Láàárín wọn ni ìró pàṣán ti ń jáde. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ ibi tí a wà fún olùgbọ́. Lẹ́yìn èyí ni gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù wọlé, wọn kò sáré, wọn kò sì dúró. Ìwọ̀n ìrìn wọn dà bí ti ẹni tí a so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹnìkejì, tí kò lè yára ju ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ, tí kò sì lè dẹ̀rìn fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn.

Àwọn kan lè sọ pé eré ìtàgé lásán ni ìró òkun àti pàṣán wọ̀nyí, pé akọrin tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò kí a fi ìró pàṣán ràn án lọ́wọ́. Àtakò yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwo ìgbà náà ni a fi irú ìró bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ó yẹ kí a bèèrè pé kí ni ẹrú lè mọ̀ nínú ọkọ̀. Ní ikùn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kó wọn sí, níbi tí òkùnkùn ti ṣú, tí àjà sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà kò lè nà ró. Ojú kò wúlò níbẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ̀ nípa ayé kò ju ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ lọ: omi lẹ́yìn pákó, ẹsẹ̀ àwọn atukọ̀ lókè orí, ohùn ẹni tí wọ́n ń nà, ohùn ẹni tí ń jẹ̀rora ní èdè tí òun kò gbọ́. Bí orin náà bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn, ì bá ti gbé olùgbọ́ jókòó sórí àga bí ẹni tí ń wo eré láti òkèèrè. Nítorí pé ìró ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó gba ojú lọ́wọ́ olùgbọ́, ó sì fi etí nìkan sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ náà ṣe sí àwọn tí ó kó.

Ẹ̀rí irú àìmọ̀ yìí wà nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lẹ́yìn ọ̀la, lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan ní Èkó, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú òkun. Nínú ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1837, ó sọ bí omi ti bà á lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un dé etí rẹ̀. Ó tún sọ pé nígbà tí àwọn ọmọdé náà dé inú ọkọ̀ àwọn tí ó gbà wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́ àti ọta ìbọn ńlá tí a tò jọ, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Ọwọ́ olùgbàlà ni wọ́n wà, wọn kò sì mọ̀. Kí ni ẹni tí ó wà lọ́wọ́ apanirun yóò wá mọ̀? Inú àìmọ̀ yẹn gan-an ni "Ship Ahoy" ti dúró kọrin, kò sì gbìyànjú láti fi ìmọ̀ àwa tí a wá lẹ́yìn tú u ká.

Igbe Atukọ̀ ní Ẹnu Ẹrú

Àkọlé orin náà jẹ́ igbe tí atukọ̀ fi ń kí ọkọ̀ mìíràn tí ó rí lójú òkun. Igbe ẹni tí ó wà lókè ni, ẹni tí ojú rẹ̀ ríran jìnnà. Ẹni tí ó wà nínú ikùn ọkọ̀ kò lè ké irú igbe bẹ́ẹ̀, nítorí kò rí ọkọ̀ náà. Òun ni ẹrù tí ọkọ̀ gbé. Síbẹ̀ àwọn akọrin mẹ́ta tí páálí àwo fi hàn nínú ẹ̀wọ̀n láàárín àwọn ẹrú ni wọ́n ń ké igbe náà, tí wọ́n sì ń fi ohùn mẹ́ta tí ó bá ara wọn mu ké e. Níbi méjì ni orin náà dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà: ó wà létíkun níbi tí a ti ń rí ọkọ̀ tí ń bọ̀, ó sì wà nísàlẹ̀ níbi tí a kò ti rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ orin náà kò pọ̀. Ó sọ bí èrò inú ọkọ̀ ti pọ̀ tó, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ ọwọ́. Ó tọ́ka sí ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ, ilẹ̀ tí ń fi òmìnira yangàn, ó sì jẹ́ kó yé wa pé ẹlòmíràn ti pinnu ìgbésí ayé wọn sílẹ̀ dè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí olùgbọ́, tí ó ń bi í bóyá òun náà kò mọ bí omi ti ń jù wọ́n síwá sẹ́yìn, bóyá òtútù afẹ́fẹ́ náà kò kàn án lára. Ìbéèrè yìí ni òpó tí gbogbo ilé náà dúró lé. Kò bèèrè pé ṣé olùgbọ́ mọ ìtàn. Ìmọ̀ara ni ó ń bèèrè.

Ó tún yẹ kí a rántí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ní Philadelphia ni àwọn aṣáájú Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìwé òmìnira wọn ní ọdún 1776, tí wọ́n kéde pé dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo ènìyàn. Ọdún 1865 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Gamble àti Huff kò dárúkọ ìlú wọn nínú orin, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé orúkọ òmìnira àti ìró pàṣán sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ọgbọ́n.

Bí a bá fi orin yìí wé àwọn mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò hàn. Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ Impressions kọ "This Is My Country", tí wọ́n fi ń sọ pé iṣẹ́ àti ìyà tí àwọn baba àwọn jẹ ti sọ ilẹ̀ náà di tiwọn. Ní ọdún 1973 kan náà, Bob Marley àti àwọn Wailers kọ "Slave Driver" ní Jàmáíkà, tí wọ́n fi ń bá ẹni tí ó mú pàṣán wí tí wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan ń jà fún ẹ̀tọ́, èkejì ń pe ẹlẹ́bi lẹ́jọ́. "Ship Ahoy" kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìró pàṣán nìkan ni ó fi jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí ń nà wọ́n wà níbẹ̀. Gbogbo àyè ohùn rẹ̀, àwọn tí a ń nà ni ó fi fún.

Lílé àti Ègbè

Ẹni tí ó bá mọ bí orin Yorùbá ti rí yóò tètè mọ ìpín iṣẹ́ tí ó wà láàárín ẹni tí ń lé orin àti àwọn tí ń gbè é. Ẹni tí ń lé ni ó ní ọ̀rọ̀; àwọn elégbè ni ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Nínú orin sóòlù ti àwọn ẹgbẹ́ akọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sábà máa ń rí, nítorí inú ilé ìjọsìn àwọn aláwọ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀ ti jáde: ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù ń dá a lóhùn bí ọ̀rẹ́ tí ó bá a kẹ́dùn.

Nínú "Ship Ahoy", ìpín iṣẹ́ yìí yí padà. Ohùn Levert le, ó sì ní ìhanrun nínú, bí ti oníwàásù tí ó ti wàásù fún wákàtí mélòó kan. Ohùn Williams rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹnìkan bá já lé e, tí ẹnìkejì sì gbà á, kò dà bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ ń dá ọ̀rẹ́ lóhùn. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì tí kò rí ara wọn ń fi ohùn wá ara wọn kiri nínú òkùnkùn. Ègbè náà kò sì tu ẹni tí ń lé nínú. Igbe kan náà ni ó ń tún ké, tí ó ń padà wá bí ìgbì, títí olùgbọ́ yóò fi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èrò ni ègbè yìí dúró fún. Nígbà tí orin bá ń lọ sí òpin, Levert kò lo ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó ń han, ó ń kérora, ohùn rẹ̀ sì ń bá ìró pàṣán jà. Àwọn tí ó sọ pé orin náà ti gùn jù ni ó yẹ kí wọ́n tún ibí yìí gbọ́. Bí a bá gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìròyìn ni yóò kù. Gígùn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ìrìn-àjò.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá rò. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Ó ń ki baba, ó ń ki ìyá, ó ń bẹ̀rù ilé tí ó ń lọ, ó sì ń tọrọ ìre. Ẹkún ni, ṣùgbọ́n ẹkún ẹni tí ó mọ ẹni tí ó bí i ni, tí ó mọ ilé tí ó ń lọ, tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ. Bákan náà, bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a sun ìrèmọ̀jé fún un. Wọn a dárúkọ rẹ̀, wọn a sì ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ẹrú kò rí ẹni sunkún fún, àwọn tí ó kú níbẹ̀ kò sì rí ẹni dárúkọ wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí ó ti ka ìwé àwọn ọkọ̀ náà sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà, àti pé àwọn tí ó gúnlẹ̀ láàyè kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 lọ. Ìyókù ṣòfò sójú òkun. Kò sí sàréè wọn, kò sí oríkì wọn.

"Ship Ahoy" kò lè ki wọ́n, nítorí kò mọ orúkọ wọn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó yá wọn ní ohùn. Ọgbọ́n àkọrinpọ̀ tí àwọn ọmọ Canton wọ̀nyí ti ń fi kọ orin ìfẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kó wá fún àwọn tí kò ní ẹni gbè wọ́n.

Ọkọ̀ àti Owó

Ó jọ ni lójú pé orin tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú àwo yìí, "For the Love of Money", jẹ́ orin tí kò yẹ kí a yà kúrò lára "Ship Ahoy". Inú ìwé kìíní tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ sí Tímótì, orí kẹfà, ni a ti yọ àkọlé rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí ìfẹ́ owó lè ti ènìyàn dé: olè jíjà, irọ́ pípa, kí ènìyàn máa ta ara ẹnìkejì. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí Anthony Jackson ta níbẹ̀ ti di ohun tí gbogbo onígìtá mọ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo orin náà fún eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan ní Amẹ́ríkà tí ó dá lórí àwọn tí ń wá ọ̀nà láti di ọlọ́rọ̀. Orin tí ó ń bú ìfẹ́ owó di orin tí wọ́n fi ń kí owó káàbọ̀.

Àbùkù yìí kì bá tí ṣeé ṣe bí àwọn ènìyàn bá ń gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ ẹrú wà ní ojú kìíní. Ìfẹ́ owó ni ó ṣí ojú kejì. Ẹni tí ó bá yí àwo náà padà lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ pàṣán yóò mọ ohun tí owó náà rà. Ó ra ènìyàn. Àwọn tí ó wà létíkun tí ó tà, àwọn tí ó wà lójú òkun tí ó gbé, àti àwọn tí ó wà ní òdìkejì tí ó rà, owó ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ní ojú kejì kan náà ni "Don't Call Me Brother" wà, orin nípa ẹni tí ń pe ènìyàn ní arákùnrin nígbà tí ó ń wá ọ̀nà láti rẹ́ ẹ jẹ. Ará Áfíríkà tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn "Ship Ahoy" kò lè ṣàì rántí pé ọwọ́ àwọn tí ó jọ ara wọn ni ọ̀pọ̀ ẹrú ti kọ́kọ́ bọ́. Bóyá àwọn akọrin rò ó dé ibẹ̀ tàbí wọn kò rò ó, ètò àwo náà gbà kí a rò ó.

Ibi Tí Orin Náà Kù Sí

Ìyìn kò gbọdọ̀ bo àléébù mọ́lẹ̀. Ohun méjì ni a lè kà sí àìpé nínú orin yìí. Àkọ́kọ́ ni pé fàyólìn Philadelphia dùn jù fún iṣẹ́ náà níbòmíràn. Nígbà tí wọ́n bá gbé ohùn sókè lórí àwọn akọrin, ìrora a fẹ́ di ohun tí ó rẹwà, etí a sì fẹ́ gbàgbé ohun tí ó ń gbọ́. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin náà fi àwọn ẹrú hàn bí ọ̀dọ́ alágbára tí ń retí kí ẹnìkan wá gbà wọ́n là. Ìtàn kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. Àwọn kan bẹ́ sómi, nítorí ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn kan jà. Ní ọdún 1839, Sengbe Pieh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mende, gba ọkọ̀ *Amistad* lọ́wọ́ àwọn tí ó kó wọn ní ẹ̀bá Kúbà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1841. Yorùbá máa ń sọ pé orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Nínú orin ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí, ọ̀tẹ̀ kò dé. Ohùn Levert ní ìparí súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, àìpé kejì yìí gan-an fi òótọ́ orin náà hàn. Kò sọ ohun tí àwọn ẹrú ì bá ṣe. Ibi tí a ti dì wọ́n mọ́lẹ̀ ni ó dúró sí, kò sì fi ìgboyà tí kò ná an ní nǹkan kan ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

A kò gbọdọ̀ sọ pé ọkọ̀ inú orin yìí jẹ́ ọkọ̀ Yorùbá. Nínú àwọn mílíọ̀nù tí a kó, nǹkan bí 388,000 péré ni a kó lọ tààrà sí ilẹ̀ tí ó di Amẹ́ríkà ti àríwá, díẹ̀ ni ó sì ti etíkun tiwa lọ síbẹ̀. Brazil àti Kúbà ni ọ̀pọ̀ Yorùbá bá ara wọn. Ṣùgbọ́n okùn náà kò já pátápátá. Ọkọ̀ *Clotilda*, tí ó kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Wídà dé Alabama ní ọdún 1860, ni a mọ̀ sí ọkọ̀ ìkẹyìn tí ó kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti fi hàn pé èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kó ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn, Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà láàyè títí di ọdún 1935. Nígbà tí Eddie Levert tí ó lé orin yìí máa fi dé ayé ní ọdún 1942, ọdún méje péré ni ó kọjá sí ikú ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ àná ni.

Fún ìdí èyí, olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn òwò ẹrú yóò rí ìrànlọ́wọ́ ńlá bí ó bá ka ìròyìn Àjàyí sí wọn létí ní ọjọ́ kan, tí ó sì fi "Ship Ahoy" sí i fún wọn ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ̀rọ̀. Ìròyìn Àjàyí yóò fún wọn ní ojú, orúkọ àti ọjọ́. Orin náà yóò fún wọn ní ohun tí ìwé kò lè fúnni, èyí nì bí ó ti rí láti wà níbi tí kò sí ojú, tí kò sí orúkọ, tí ènìyàn kò sì mọ ọjọ́. William Powell, ẹ̀kẹta nínú àwọn ohùn tí ó wà nínú ègbè náà, kú ní ọdún 1977 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn méjì yòókù, wọ́n ṣì ń ké. Ohun tí ó kù ni kí a rí ẹni tí yóò dúró gbọ́ wọn dé òpin.